Ẹ má wo rísíìtì nìkan kí ẹ tó dá owó AC padà

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, ti gbé owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán, dé ₦225 fún yúnìtì kan, kí wọ́n tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ìbéèrè tó gbòde ní Àbújá ni pé AC wo ni kì í jẹ iná. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba àti iléeṣẹ́ tó ń pín iná ṣe ni pé kí wọ́n máa dá díẹ̀ padà nínú owó tí aráàlú fi ra irú AC bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n má san án torí rísíìtì nìkan. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó á lọ, iná ò ní dín.

Mẹ́síkò ti rí i. Láàárín 2009 sí 2012, ìjọba ibẹ̀ gba fíríìjì àti AC àtijọ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ́wọ́ aráàlú, wọ́n sì bá wọn dá sí owó tí wọ́n fi ra tuntun. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé yẹ owó iná àwọn ilé náà wò, ti fíríìjì dín kù, ṣùgbọ́n ti AC ṣe ni ó lọ sókè, torí AC tuntun ń mú, àwọn èèyàn sì ń tàn án ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2022 ní kí wọ́n yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù tó sì ń mú un gbóná kúrò nínú owó orí ẹni tó bá rà á, tí kò ní ju $2,000 lọ́dún. Ìparí 2025 ni wọ́n fòpin sí i. Ti Ghana ló wù mí jù. Nígbà kan, ẹni tó bá gbé fíríìjì àtijọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ló máa ń rí ẹ̀dínwó gbà níbẹ̀, láti 2013 ni wọn ò sì ti gba fíríìjì àti AC àlòkù wọlé mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti wa. AC 1.5 hp tí kì í ṣe ìnfátà ń jẹ bíi 1,200 watt nígbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì inú rẹ̀ kiri) bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 lóru, bíi yúnìtì 7 ti lọ. Ká fi ₦210 fún yúnìtì kan ṣe é: ₦1,470 lóru kan, ₦44,100 lóṣù. Ìnfátà tó dára lè dín ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kù níbẹ̀, ìyẹn bíi ₦17,600. Ìnfátà tí mò ń wí kì í ṣe ti bátìrì o. AC tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ mọ bí a ṣe ń dẹ eré ni. Kì í kú kó tún máa gbéra wùyà bíi ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó gbé e kọ́ ló lè ba gbogbo èrè yìí jẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti so páìpù bàbà méjèèjì, ó yẹ kí wọ́n fi vacuum pump fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí wọ́n wá pa pump, kí wọ́n dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n máa wo géèjì tó ń wọn ìfúnpá inú páìpù. Bí ọwọ́ géèjì bá ń padà gòkè, ó ń jò níbì kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí gáàsì díẹ̀ kó ti afẹ́fẹ́ jáde, ó parí. Ọ̀rinrin tó kù nínú páìpù á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì kọ̀mpúrẹ́sọ̀, á di ásíìdì, á máa jẹ wáyà inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí gáàsì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ náà bá sì jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní R32 tàbí R290, ó lè gbiná.

Gáàsì AC kì í tán bíi gáàsì ìdáná. Bí wọ́n bá ń rọ ọ́ fún yín lọ́dọọdún, ó ń jò ni. Ẹ ní kí wọ́n fi fóòmù ọṣẹ pa ìdí nọ́ọ̀tì lára ẹ̀rọ ìta. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ni. Kí wọ́n tún ẹnu páìpù náà ṣe, kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì tuntun. Iye gíráàmù wà lára ẹ̀rọ náà.

Ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì. Yàrá ẹsẹ̀ 12 sí 12, 1 hp tó o, àfi bí páànù bá wà lórí rẹ̀ gangan tàbí bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń lu ògiri rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, kí ẹ máa fọ fíltà lọ́sẹ̀ méjì-méjì, torí eruku ibí á dì í bíi aṣọ, AC á máa jẹ iná láì mú.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ará Jos. Ìnfátà tó lè mú yàrá gbóná, yúnìtì kan tó bá jẹ lè kó ooru yúnìtì mẹ́ta wọlé, hítà oníwáyà ò sì lè kó ju ẹyọ kan lọ. Ó sàn ju èédú tí wọ́n ń gbé wọ yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀ lọ: èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn ń pa èèyàn lójú oorun.

Nítorí náà, kí wọ́n san ìdajì owó náà níbi ìtajà, fún ẹ̀rọ tó bá ní àmì SON, àjọ tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò, nìkan. Kí ìdajì kejì dúró di ìgbà tí wọ́n bá rí fọ́tò géèjì lẹ́yìn tí wọ́n fa afẹ́fẹ́, tí AC àtijọ́ sì ti dé ọwọ́ wọn. Kí wọ́n fa gáàsì rẹ̀ sínú sìlíńdà, pàápàá gáàsì R22 tó ń ba ọ́sóònù, ààbò ojú ọ̀run lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn, jẹ́, kí wọ́n wá lu kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ní ihò, kó má bàa tún di títà. Nọ́ńbà mítà ni kí fọ́ọ̀mù náà bèèrè, kì í ṣe orúkọ onílé, nítorí ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe, ọ̀pọ̀ ayálégbé ló ń fowó ara wọn ra iná.

Òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù kan,
Kubwa, Àbújá