Lẹ́tà sí Àkànní, tí wọ́n ní kó lọ dúró sáàárín

Àkànní, ọmọ àbúrò mi,

Ìyá rẹ ti ròyìn fún mi. Ó ní látìgbà tí kóòṣì yín ti mú ọ kúrò níbi tó o ti máa ń sáré gba bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tó ní kó o lọ máa ṣe center, ẹni tó ń dúró sáàárín ìlà iwájú tó ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, inú rẹ ò dùn mọ́. O ní o fẹ́ fi bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀, pé iṣẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ orúkọ ẹ̀ ni wọ́n gbé fún ọ. Mi ò ní bá ọ jà. Ohun kan ni mo fẹ́ kó o ṣe fún mi: padà lọ wo sáà tí Yunifásítì Michigan gbá ní 2022. Mo mọ̀ pé o ti wò ó rí, àmọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ lo gbójú lé, bíi gbogbo wa. Lọ́tẹ̀ yìí, àárín ni kó o wò.

Ẹni tó wà láàárín lọ́dún náà ni Olusegun Oluwatimi. Ọmọ ìtòsí yín ni, ní Upper Marlboro ní Maryland, DeMatha ní Hyattsville ló sì ti ka ilé ẹ̀kọ́ girama. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Air Force ló kọ́kọ́ lọ, ó tibẹ̀ bọ́ sí Yunifásítì Virginia, 2022 ló tó dé Michigan. Sáà kan péré ló lò níbẹ̀.

Máa wò ó kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀. Á gbójú sókè, á wo gbogbo àwọn tó tò síwájú ẹ̀ àti àwọn tó dúró lẹ́yìn wọn, á nawọ́ sí ẹnì kan, á pariwo. Ohun tó ń sọ nìyẹn: ẹni tí kálukú wọn máa dènà. Àwọn mẹ́rin yòókù tó wà lórí ìlà, ẹnu ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, Àkànní. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, kò sì ní ráyè wẹ̀yìn wò ó, torí ọwọ́ tó fi jù ú ọ̀hún gbọ́dọ̀ ti wà níwájú kí ọkùnrin gbàǹgbà kan tó ki orí bọ̀ ọ́ láyà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, ìjàkadì ni mo pe gbogbo ẹ̀. Àwa tá a ti Ìbàdàn wá, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀.

Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù October, nígbà tí Penn State wá bá wọn ní Ann Arbor, ní pápá ńlá tó ń gba 107,601 èèyàn. Wọ́n na Penn State ní 41 sí 17. Yáàdì 418 ni wọ́n fi ẹsẹ̀ sá lọ́jọ́ náà. Nínú àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá fún Michigan, Donovan Edwards sá 173, Blake Corum sá 166, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì gba ẹnu gbogbo ayé. Ìwọ bi ara rẹ léèrè: ta ló lànà fún wọn?

Ti Illinois, fífò ni kó o fò ó. 19 sí 17 ni Michigan fi borí, Jake Moody tó máa ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ló gbá èyí tó yọ wọ́n nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Àmọ́ ibẹ̀ ni orúnkún Corum ti ṣe léṣe, bẹ́ẹ̀ Ohio State ló kàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nílé Ohio State ní Columbus. Michigan ò tíì borí níbẹ̀ látọdún 2000. Ẹgbẹ́ méjèèjì ò sì tíì pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan lọ́dún náà.

Èyí gan-an ni mo fẹ́ kó o jókòó tì. Nígbà ìsinmi, Ohio State ló wà níwájú, 20 sí 17. Corum gbìyànjú, kò lè sá. Edwards ló kù, tòun ti ọwọ́ tí wọ́n dì ní bátabàta torí ó ti fi pa. Nígbà tó di ìdá kẹrin, ó gba bọ́ọ̀lù, ó sá yáàdì 75, ó gbé e wọ òpin pápá, ìyẹn touchdown. Kò pẹ́, ó tún gbà á, yáàdì 85. Dá fídíò dúró níbi tí bọ́ọ̀lù ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kó o wá máa sún un díẹ̀díẹ̀. Má wo Edwards. Wo ibi tí àwọn márùn-ún yẹn sún àwọn èèyàn sí kó tó débẹ̀. 45 sí 23 ló parí sí. Lẹ́yìn ìsinmi, àmì mẹ́ta péré ni Ohio State rí gbà.

Wọ́n na Purdue, wọ́n gba ife Big Ten, líìgì tí Michigan wà. Lóṣù December, wọ́n fún Oluwatimi ní ife Rimington, tó jẹ́ ti center tó dáa jù lọ, wọ́n sì tún fi ife Outland lé e, tó jẹ́ ti ẹni tó dáa jù lọ lára àwọn tó ń gbá láàárín ìlà. Gbogbo ìlà wọn lápapọ̀ gba ife Joe Moore, tó jẹ́ ti ìlà iwájú tó dáa jù lọ, ọdún kejì léraléra nìyẹn.

Ti TCU, ẹgbẹ́ yunifásítì kan ní Texas, ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Texas ni mò ń gbé, ìwọ náà mọ ojú tí mo fi rí àwọn aládùúgbò mi tó wọ aṣọ elésè àlùkò ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù December. Ẹ̀ẹ̀mejì ni J.J. McCarthy, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Michigan, jù ú sọ́wọ́ ọ̀tá, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n gbé e sá lọ gba touchdown. Bọ́ọ̀lù tún já bọ́ lọ́wọ́ Michigan lẹ́nu ọ̀nà ibi tó yẹ kí wọ́n ti gba àmì. 51 sí 45 ni TCU fi na Michigan. Nígbà tí Georgia wá fi 65 sí 7 na TCU lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni o, mo rẹ́rìn-ín dáadáa.

Mi ò sọ pé wàá gba ife kankan. Ẹgbẹ́ Seattle, tó ń gbá bọ́ọ̀lù gbowó, ló mú Oluwatimi nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ọmọ tuntun ní 2023, ìpele karùn-ún, ẹni 154. Ọmọ mélòó ló ń débẹ̀? Ohun tí mò ń sọ ni pé kóòṣì tó bá ní ọmọ tí orí ẹ̀ ò pé, kò ní fi í síbi tí wọ́n ti ń sọ fáwọn mẹ́rin ohun tí wọ́n máa ṣe. Lọ bi kóòṣì rẹ kó fi bí wọ́n ṣe ń pe ìdènà hàn ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o sì kọ wọ́n sílẹ̀. Tó bá di ìparí sáà yìí tó ò ṣì fẹ́, èmi náà ni màá bá ọ sọ fún ìyá rẹ pé kó o fi sílẹ̀.

Mo ti ní kí ìyá rẹ ya fídíò ti Friday tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo sì kìlọ̀ fún un: kó má tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ní Houston