Àkànní, má pa ẹ̀dà ọwọ́ rẹ rẹ́

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Aya ńkọ́, ọmọ ńkọ́? Ìyá Alákàrà ti kó wọ ilé wọn, ìyàwó Káfíńtà ti bí ìbejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà Bàbá ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé.

Láti ìgbà tí iná ti lọ lójijì ni Windows rẹ̀ kò ti dìde mọ́. Fọ́tò ìsìnkú ṣì ń ṣí, mo sì ti ń kó wọn sórí flash. Fódà tí ohùn Bàbá wà ni kò ṣí. Àbúrò rẹ ní kí n tètè dá ẹ̀dà tí o fi Clonezilla, ètò tí a fi ń ṣe ẹ̀dà odidi hard disk, ṣe nígbà yẹn padà sórí hard disk náà. Mo ní ká ní sùúrù. Bí a bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa pa rẹ́, títí kan èyí tí ẹni tó mọṣẹ́ ì bá ṣì lè yọ jáde. Ta ní ń wó ògiri kó tó yẹ búlọ́ọ̀kù tó fẹ́ fi mọ òmíràn wò?

Clonezilla fúnra rẹ̀ ní ibi tí a ti ń yẹ ẹ̀dà wò. Kíkà ló máa kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní kọ nǹkan kan sórí hard disk. Àyà mi ń já bó ṣe ń kà á. Ó dé àárín, ó dúró, ó ní ẹ̀dà náà kò ṣeé dá padà. Àkànní, ọwọ́ mi rọ. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?" Mo ní ó kù díẹ̀.

Ọlọ́run ṣe é, nígbà tí Clonezilla gé ẹ̀dà náà sí ègé-ègé, o ti jẹ́ kó kọ MD5SUMS sínú fódà ẹ̀dà náà, ìyẹn fáìlì tó ní àmì 32 (lẹ́tà àti nọ́ńbà) tí a fi ń dá ègé kọ̀ọ̀kan mọ̀. Mo fi àṣẹ md5sum -c, tó ń fi ègé wé àmì rẹ̀, yẹ̀ wọ́n wò ní ègé kọ̀ọ̀kan: OK, OK, àfi èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .ac: FAILED. Ègé 4 GB kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n nítorí pé ńṣe ni a fún gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí .ac bá ti bàjẹ́, ègé .ad tó tẹ̀lé e, tó sì yè, kò lè dá wúlò.

Ṣé ẹ̀dà kejì tí o gbé lọ sí Manchester ṣì wà? Jọ̀ọ́, má pa á rẹ́, kódà bí àyè bá fẹ́ tán. Ṣe md5sum sí .ac tìrẹ, kí o fi àmì 32 tó bá jáde ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Bó bá bá tinú MD5SUMS mu, ègé yẹn nìkan ni kí o fi ránṣẹ́. Màá tún yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo ti ra dátà sílẹ̀. Lálẹ́ òní, bó bá ṣeé ṣe.

Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni,
Àlàbí