Ẹ yẹ pátákò ẹṣin ike yẹn wò kí ẹ tó fọ̀ ọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Òkun o, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tú bélì ìṣeré ọmọdé òkìrìkà ní Kàbà, Ìsánlú, Mọpà àti Ẹ̀gbẹ̀, àti sí àwọn òbí tó ń rà á lọ́wọ́ wọn. Ẹṣin ike kékeré tó ní gọ̀gọ̀ aláràbarà, tí wọ́n kun òdòdó tàbí labalábá sí ní ìbàdí, tí ẹ máa ń kó mọ́ bèbí tó ti gé lápá: àwọn kan wà nínú wọn tí àwọn olùkójọ, ìyẹn àwọn tó ń kó ìṣeré àtijọ́ jọ, ń wá kiri ayé. Háípò, tínà àti oòrùn ọ̀sán ló ń bà wọ́n jẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì ń dùn wá gidigidi.

My Little Pony ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Hasbro ti Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Mẹ́fà ni àkọ́kọ́: Cotton Candy, Blue Belle, Butterscotch, Minty, Snuzzle àti Blossom. Abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó kọ́kọ́ jáde tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti àwọn tó tẹ̀lé e jinnú. Ní 1992 ni títà rẹ̀ dáwọ́ dúró ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Yúróòpù ṣì ń tà á fún ọdún díẹ̀ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá, nítorí ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù ni púpọ̀ nínú bélì wa ti ń wá. Ẹṣin tí wọn kò tà ní Amẹ́ríkà rí lè wà ní ìsàlẹ̀ àpò yín.

Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí pátákò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè gbé lẹ́tà yọ. Hong Kong tàbí China ni ẹ máa bá lára èyí tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá rí Italy, Spain, Greece, Brazil tàbí Argentina, ẹ yà á sọ́tọ̀ kíákíá. Hasbro fún àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè láṣẹ láti máa ṣe é: Estrela ní Brazil, tó pè é ní Meu Querido Pônei, El Greco ní Gíríìsì, Takara ní Japan. Ike tiwọn, ọ̀dà tiwọn àti irun tiwọn ni wọ́n lò, ìdí nìyẹn tí ẹṣin tí ń jẹ́ orúkọ kan náà fi lè ní àwọ̀ ara mìíràn tàbí ojú mìíràn. Àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù nínú irú wọn ni àwọn olùkójọ ń pè ní nirvana. Ọdún tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe ẹṣin náà o. Ọdún ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí àwòrán rẹ̀ ni, nítorí náà èyí tó ní 1984 lè jẹ́ ọmọ ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà.

Ìrù ni ikú rẹ̀. Nínú ìdí ẹṣin náà, wáṣà irin, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó rí roboto, ni wọ́n fi há irun ìrù mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti rì í sínú omi, omi á gba ihò ìrù wọlé, kò ní rọ́nà jáde, irin á dógùn-ún. Àwọ̀ pupa rẹ̀ á kọ́kọ́ yọ ní gbòǹgbò irun, lẹ́yìn náà á wọnú ike, èyí tó bá sì ti wọ ike kò ṣeé fọ̀ mọ́.

Bí ẹ bá rí àwọ̀ pupa yẹn ní gbòǹgbò ìrù, ẹ ki ọrùn rẹ̀ bọ omi gbígbóná tí kò hó, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè rọ̀. Ẹ ti ìdí ṣíbí bọ àárín orí àti ọrùn, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí orí á fi yọ. Ẹ má lo ọ̀bẹ. Ó máa ń ya ètè ọrùn. Ẹ ti ìrù wọ inú, kí ẹ fi pláyà ẹlẹ́nu tínrín fà á gba ọrùn jáde, kí ẹ gé wáṣà náà dànù. Ẹ fi fínígà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ inú rẹ̀, ẹ ṣàn án, kí ẹ dorí ọrùn rẹ̀ kodò níbòòji fún ọjọ́ mẹ́ta. Lásìkò òjò, ọ̀sẹ̀ kan ni ká sọ. Okùn ike tí àwọn oníná fi ń di wáyà pọ̀ ni kí ẹ fi di ìrù náà kí ẹ tó fà á padà. Ẹ tún ọrùn kì bọ omi gbígbóná, orí á wọlé. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí ó lè ṣeé ṣí lọ́jọ́ mìíràn.

Ọṣẹ rírọ̀ àti aṣọ ọ̀rinrin tó fún ara rẹ̀. Tínà àti omi ìpa-ọ̀dà-èékánná ń wẹ àmì ìbàdí dànù láàárín ìṣẹ́jú kan; háípò ń mú kí irin tètè dógùn-ún. Irun tó ta kókó, ẹ da omi gbígbóná sí i bí onídìrí ṣe ń ṣe sí àtàṣímẹ́ǹtì, kí ẹ fi òòyà yà á láti ṣóńṣó lọ sí gbòǹgbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e. Àwọn kan wà tí ara wọn dà bí àrán, So Soft ni wọ́n ń pè wọ́n. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn wọ́n rárá, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ ni tiwọn.

Ẹ má kó wọn sí òkè àjà lábẹ́ páànù. Ooru ibẹ̀ ń mú kí ike làágùn, á sì máa lẹ̀ mọ́wọ́. Ẹ má fi káńfọ̀ sí àpótí wọn, èéfín rẹ̀ ń ba ike jẹ́. Aṣọ òwú funfun ni kí ẹ fi wé wọn níkọ̀ọ̀kan nínú páálí, níbi tí oòrùn kò dé. Kódà ìwé ìròyìn tí a fẹ́ràn yìí kò yẹ fún un, nítorí yíǹkì rẹ̀ á wọ ara ike.

Àwa olùkójọ ẹṣin ìṣeré,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.