Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iná ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìgbà tó o pè mí lánàá pé Mọ́ńdè ni wọ́n ní kó o wá bẹ̀rẹ̀ iná ní ọsibítù Ìdí-Àràbà l'Ékòó, kọ́sítọ́mà ló kún iwájú mi ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta níbí, mi ò ráyè sọ̀rọ̀. Mo wá ní kí n kọ ọ́, kó o lè máa kà á nínú mọ́tò Èkó.

Iná yẹn, ìtànṣán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ta síni lára láti pa jẹjẹrẹ, òun fúnra ẹ̀ ò dunni. Wọ́n á ní kó o dùbúlẹ̀, kó o na apá sókè, wọ́n á to ara ẹ bí wọ́n ṣe fẹ́, gbogbo wọn á jáde, ẹ̀rọ á máa yí lókè ẹ, á máa kùn, ìwọ ṣáà máa mí jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n á ti ní kó o dìde. Ìgbà 15 ni tèmi, Mọ́ńdè sí Fúráídè fún ọ̀sẹ̀ 3. Ìyá kan tá a jọ ń jókòó, 25 ni tiẹ̀, torí náà má fi tìẹ wé tẹnikẹ́ni. Àmì tí wọ́n bá fi sí ẹ láyà, má fọ̀ ọ́ kúrò o.

Ọ̀sẹ̀ kejì lara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó kọ́kọ́ pọ́n, ó wá ń dúdú bí aṣọ tá a ti rì sínú aró lẹ́ẹ̀mejì, abẹ́ ọmú wá bó. Ojú tì mí láti sọ, mo bá lọ fi òróró gbígbóná tí mo fi ń pa orúnkún pa á. Háà! Mi ò sùn mọ́jú ọjọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, ẹ̀ bá ti sọ fún wa látọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀.” Ìpara tí wọ́n fún mi ló tù mí lára. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kó o máa fi wẹ̀, má fi kànìnkànìn débẹ̀, fi aṣọ tẹ omi ẹ̀ gbẹ, má nù ún. Kó má sì bà ẹ́ lẹ́rù tó bá tún le sí i lẹ́yìn tó o bá ti parí, bó ṣe ṣe mí nìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san.

Àárẹ̀ ńkọ́? Láti bẹ́ẹ̀dì dé kíṣìnnì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń jókòó. Kì í ṣe ọ̀lẹ, Àbẹ̀kẹ́. Jẹ́ kí ọkọ ẹ máa se oúnjẹ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti ọmọ-ọmọ mi. Ẹnì kan ládùúgbò ló sọ pé iná tó wà lára mi á ran ọmọ, mo sì gbà á gbọ́. Gbogbo wíkẹ́ńdì tí mo bá wálé láti Èkó, mo ń tilẹ̀kùn mọ́rí. Ọmọ ọdún 4 yẹn á wá dúró lójú wíńdò, á tẹ imú mọ́ nẹ́ẹ̀tì, á ní, “Màmá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?” Mo ń sunkún nínú yàrá, mi ò lè dáhùn. Ìgbà tí mo tó bi dókítà, ó ní iná tí ẹ̀rọ ń ta síni láti òde kì í dúró lára, bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, ó tán nìyẹn. Mo sáré wálé Fúráídè yẹn, láti gáréèjì Kútọ̀ ni mo ti ń pe orúkọ ọmọ náà lọ́kàn, mo na ọwọ́ sí i, ló bá sá sẹ́yìn ìyá ẹ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun.

Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ẹ. Ẹ̀gbẹ́ kejì tí wọn ò ta iná sí ni kó o máa gbé e sí, kó má baà fi orí gbá àyà ẹ, kẹ́ ẹ sì jọ máa sùn.

Bùbá àdìrẹ mi àtijọ́ 2 wà nínú báàgì tí wọ́n máa gbé wá fún ẹ l'Ọ́báńtokò lálẹ́ òní. Wọ́n ti fọ̀ títí wọ́n fi rọ̀. Yí inú wọn síta kó o tó wọ̀ ọ́, kí ojú ìránṣọ má baà máa ha ẹ́ lára. Má wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì sí i.

Pè mí lálẹ́ Mọ́ńdè, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Ẹ̀gbọ́n ẹ