Páálí Fáàfù Bàbá Rẹ

Ṣómólú, Èkó.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, ẹ kú òtútù ibẹ̀ yẹn o. Mo mọ̀ pé a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí gùn ju ohun tí ènìyàn lè máa fi nẹ́tíwọ̀kì tó ń já lójijì sọ, nítorí náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kí ó lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí o sì lè fara balẹ̀ kà á kí o tó dá mi lóhùn.

Ṣé o rántí ohun tí mo sọ fún ọ pé ó ń kùn ní etí òsì mi? Nígbà yẹn mo ṣe bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí gan-an ni. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, apá òsì mi sì ni èyí tó tóbi jù nínú wọn máa ń wà láti àárọ̀ títí di alẹ́. Mo ti rí àwọn ọ̀gá wa tí wọ́n fẹ̀yìn tì tán tí ó wá jẹ́ pé igbe ni ìyàwó wọn ní láti máa ké kí wọ́n tó gbọ́ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Nítorí náà, ní alẹ́ tí mo so hẹ́dífóònù tí o fi ránṣẹ́ sí mi mọ́ ámpílífáyà mi, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn orin di ńlá, tí mo gbé e sétí, tí mo gbọ́ tí nǹkan ń kùn bí oyin ní apá òsì nìkan, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé etí mi ti ń lọ. N kò sọ fún ìyàwó mi. Mo bọ́ ọ sílẹ̀, mo lọ dùbúlẹ̀, oorun kò sì kùn mí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní òwúrọ̀ ni mo rántí bàbá rẹ olóògbé, tí wọ́n kọ́ wa ní iṣẹ́ títún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wọn. O mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí a fi ọwọ́ kan rédíò tó bàjẹ́ kí a tó kọ́kọ́ wá ibi tí kò ti bàjẹ́. Mo wá ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo yí fólúùmù sílẹ̀ pátápátá, kíkùn náà kò lọ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe inú fóònù tí mo fi ń gbọ́ orin ló ti ń wá. Mo dúró de iná ìjọba, nítorí ínfátà kékeré tí a ń lò nílé kì í mú iná tó mọ́ jáde, tiransifọ́mà inú ámpílífáyà a sì máa kùn bí a bá fi ṣiṣẹ́. Ó ku díẹ̀ kí aago méjì òru lù ni iná tó dé. Tiransifọ́mà dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti etí òsì ṣì wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo lè ṣe, òun náà ni mo sì ti ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀: mo yí hẹ́dífóònù náà padà sórí, kí ti òsì bọ́ sí etí ọ̀tún.

Àjàní, kíkùn náà tẹ̀ lé e. Ó bọ́ sí etí ọ̀tún, etí òsì mi sì dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé tí gbogbo ará ilé ti lọ sóko. Mo jókòó sórí ilẹ̀ nínú òkùnkùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, omi sì bọ́ lójú mi. Ámpílífáyà ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe èmi.

Ìwọ náà mọ bí mo ṣe fi oṣù mẹ́ta jó ámpílífáyà yẹn pọ̀. Fáàfù, ìgò gíláàsì tó máa ń gbóná tó sì ń darí iná nínú ẹ̀rọ, méjì péré ló wà nínú rẹ̀. ECC82, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 12AU7, ló wà níwájú, òun ló ń gba orin wọlé tó sì ń sọ ohùn rẹ̀ di ńlá. 6080 ló wà lẹ́yìn, òun ló ní agbára tí a fi ń mi hẹ́dífóònù. Wọn kò tìtorí orin ṣe 6080 rárá. Ohun tí wọ́n ṣe é fún ni kí ó máa mú iná dúró lójú kan nínú àwọn ẹ̀rọ mìíràn, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ iná jẹ níwọ̀n. Wáyà tó ń mú inú rẹ̀ gbóná nìkan ń gba ampere 2.5 lórí volt 6.3, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó watt 16 tó ń di ooru lásán nínú yàrá mi. Fáàfù méjèèjì yìí dà bí ilé olójúlé méjì lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo: ojúlé kan ń ṣiṣẹ́ fún etí ọ̀tún, ojúlé kejì ń ṣiṣẹ́ fún etí òsì. Ìdajì fáàfù lè máa ṣàìsàn kí ìdajì kejì máa ṣe dáadáa.

ECC82 tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ni mo fura sí. Wáyà tó ń gbóná wà nínú ọ̀pá tín-ín-rín tí a ń pè ní cathode, kò sì gbọdọ̀ fara kàn án. Nǹkan funfun kan ni wọ́n fi bo wáyà náà kí iná má baà jò láti ara ọ̀kan sí èkejì. Bí ìbora yẹn bá ti sán, iná tó ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò máa jò wọ inú orin, òun sì ni etí ń gbọ́ bíi kíkùn oyin. Láti mọ̀ dájú, mo nílò òmíràn tí n ó fi dípò rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń tún ẹ̀rọ ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa kó ECC88 wá fún mi, ó ní gbogbo fáàfù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án, ọ̀kan náà ni wọ́n. Díẹ̀ ló kù kí n tì í bọ̀ ọ́. Nínú ECC82, ẹsẹ̀ 4, 5 àti 9 ni iná amúgbóná ń gbà. Nínú ECC88, ààbò láàárín ojúlé méjèèjì ni ẹsẹ̀ 9, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú iná náà. Nínú tèmi, tí wọ́n so ẹsẹ̀ 4 àti 5 pọ̀ sójú kan, kò ní gbóná rárá. Nínú ẹ̀rọ tí wọ́n bá so wáyà rẹ̀ fún volt 12.6, jíjó ni yóò jó. ECC83 ní tirẹ̀ bá ihò náà mu lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà 100 ni agbára rẹ̀ lè sọ ohùn di púpọ̀, nígbà tí ti ECC82 jẹ́ nǹkan bí 17, kò sì ní jẹ́ kí iná inú ẹ̀rọ náà wà níbi tó yẹ kó wà. Mo dá ECC88 náà padà fún un, mo sì ṣàlàyé fún un, nítorí ọmọ náà ní ìfẹ́ iṣẹ́ lọ́kàn.

Ìgbà náà ni mo lọ gbé ECC82 tí bàbá rẹ fún mi lọ́jọ́ tí a gba èsì ìdánwò wa jáde. Ìwọ gba mítà, èmi gba fáàfù. Inú páálí rẹ̀ kékeré ló ṣì wà, tòun ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: «Ojúlé méjèèjì dọ́gba. Má tà á.» Mo wo orí ìgò rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wò ó, fàdákà orí rẹ̀ ṣì ń dán, kò funfun bíi wàrà, afẹ́fẹ́ kò tíì wọlé. Nísàlẹ̀ ìgò náà ni mo ti rí àmì tí n kò fi ojú sí rí: B3H. B yẹn dúró fún ilé-iṣẹ́ Mullard ní Blackburn, 3 ni nọ́mbà tó parí ọdún, H sì ni oṣù kẹjọ. Mo gbà pé 1963 ni, nítorí ìgbà náà ni bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ṣọ́ọ̀bù wọn sílẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fáàfù yìí ti jáde ní ilé-iṣẹ́ kí Nàìjíríà tó bọ́ kúrò lábẹ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ìwọ tó ń gbé Manchester yìí, ìlú tí wọ́n ti ṣe é kò jìnnà sí ọ rárá, èmi sì ni mo wá mú un dání ní Ṣómólú.

Mo pa ámpílífáyà, mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo fi mítà wo kapásítọ̀ rẹ̀, ibi tí iná máa ń pamọ́ sí, títí iná tó lé ní volt 150 fi rọ̀ sílẹ̀ di òdo, mo sì fi ọwọ́ òsì sí àpò kí iná má baà gba ọwọ́ kan dé èkejì. Mo fi owú àti spirit nu ẹsẹ̀ fáàfù náà, mo tì í bọ ihò rẹ̀, mo tan iná, mo sì dúró kí ó gbóná. Kò sí kíkùn kankan mọ́.

Orin àpàlà tí bàbá rẹ máa ń fi dán gbogbo rédíò wò ni mo fi sí i. O mọ ibi tí onígángan ti máa ń dá sọ̀rọ̀ kí àwọn elégbè tó gbà á. Mo gbọ́ bó ṣe fún okùn ìlù mọ́ra; kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè nìkan ni mo gbọ́, mo gbọ́ bí ohùn náà ṣe gun òkè lọ ní díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀ n kò fẹ́ tan ara mi jẹ. Fáàfù tó bá dún sókè díẹ̀ ju èkejì lọ, òun ni etí yóò máa pè ní èyí tó dára. Mo fi ohùn kan ṣoṣo tí kì í yí padà sínú ẹ̀rọ, mo fi mítà mú ti fáàfù méjèèjì dọ́gba, mo tún fetí sí orin ojúlé ọ̀tún, ibi tí ti àtijọ́ kò ti ní àìsàn. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí àwọn tó ń ta fáàfù ń fi pariwo. Ohun tó yí ohùn ámpílífáyà yìí padà jù ni hẹ́dífóònù rẹ. Kapásítọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde jẹ́ microfarad 100. Pẹ̀lú hẹ́dífóònù mi àtijọ́ tí ìdènà iná rẹ̀ jẹ́ ohm 32, ohùn ìlù ńlá ti ń kú láti nǹkan bí 50 Hz (ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú Sennheiser HD 600 yìí tó jẹ́ ohm 300, ó di nǹkan bí 5 Hz kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹ̀bùn rẹ ló tún ẹ̀rọ mi ṣe, o ṣeun.

Ọmọ mi obìnrin ti wọ Yunifásítì ti Èkó, owó ilé ti gun òkè, mo sì ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà elétí, nítorí ìyàwó mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sún mọ́ láti àtètèkọ́ṣe lẹ́tà yìí nìyí. Nígbà tí fáàfù yẹn ṣiṣẹ́, mo lọ sí Ìdí-Òrò láti kí àbúrò rẹ, kí n sì wo ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun fẹ́ tún iwájú ilé kọ́, àwọn bírikìlà sì ti ń dúró. Kò ṣe ohun tó burú. Ilé ń jò, òun nìkan ló sì ń gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n páálí fáàfù mọ́kànlá ni mo bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn: EL84, ECH81, EF89, ECC85, EZ80, gbogbo èyí tí a máa ń tò sórí tábìlì lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù tí wọ́n máa ń kọ àìsàn rédíò kọ̀ọ̀kan sí. Ọlọ́mọlanke kan tó ń ra irin àlòkù ti ná gbogbo rẹ̀, tòun ti ìwé náà, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n kílò. Mo bẹ àbúrò rẹ. Ó ní bí ìwọ bá sọ̀rọ̀, òun yóò dúró. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun kò lè fi ẹrù òkú dí àwọn bírikìlà lọ́wọ́.

Púpọ̀ nínú wọn kò lè wọ inú ámpílífáyà mi. ECC82 mẹ́ta ni mo rí, mo sì fẹ́ rà wọ́n lọ́wọ́ rẹ ní iye tí o bá dá. Ìyókù, jẹ́ kí n kó wọn wá sí Ṣómólú; mo ti ṣí àyè sílẹ̀ lábẹ́ pẹpẹ ìkówèésí, n ó dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, n ó sì kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí ọ. Ìwé búlúù náà kò ní kúrò lọ́wọ́ mi títí o ó fi dé. Mo ṣí i díẹ̀, mo sì rí ojú ewé tí wọ́n ti kọ orúkọ àwa méjèèjì sí abẹ́ iṣẹ́ kan: «Àwọn ọmọ yìí ló tún un ṣe.»

Ọjọ́ Sátidé ni ọlọ́mọlanke náà ń padà bọ̀. Jọ̀wọ́, pe àbúrò rẹ lálẹ́ òní.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàbí.