Ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí ọpọ́n ayò tí à ń fi ránṣẹ́ sókè òkun

Sí: Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì.
Láti ọ̀dọ̀: Àwa ẹgbẹ́ agbẹ́gilére àti agbẹ́pọ́n ayò, Ọ̀yẹ́ àti agbègbè rẹ̀.

Alága wa,

A kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. A kò wá tọrọ owó. Ọpọ́n ayò tí à ń gbẹ́ ń rí oníbàárà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti ní Ọsirélíà, ṣùgbọ́n ìwé àti kòkòrò kì í jẹ́ kó dé ọwọ́ wọn. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni ibi tí a ó ti máa fi ooru mú igi gbẹ, àti ọjọ́ kan lóṣù tí àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé yóò máa wá bá wa níbí.

Ẹ má fojú ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri wo ọpọ́n ayò. Ohun èlò ìdíje ni: ihò 12, ọmọ 48, ó sì wà lára eré tí wọ́n ń figagbága níbi Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè wa. Igi Èkìtì kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ sókè òkun. Ní 1924, ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, ni wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, British Museum, ló wà títí dòní. Ní Ọ̀yẹ́ níbí ni Fádà Kevin Carroll ti dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947, ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé tí òun náà jẹ́ agbẹ́gilére. Nígbà ayé Ọlọ́wẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í bóyá kòkòrò wà nínú igi rẹ̀. Wọ́n ń bi wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti àpótí, torí ibẹ̀ ni àwọn ajẹ́ntì tó ń bá wa fi ẹrù ránṣẹ́ máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISPM 15, tó ti wà láti ọdún 2002, kò kan ọpọ́n rárá. Àpótí onígi tí a kó ọpọ́n sí ló kàn. Wọ́n ní kí a fi ooru tọ́jú igi àpótí náà títí àárín rẹ̀ lọ́hùn-ún yóò fi gbóná tó 56°C, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú láìdín, tàbí kí a fín in lóògùn, kí ẹni tí ìjọba fún láṣẹ sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Páálí kò sí lábẹ́ òfin yìí, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa fi ń lo páálí. Ọpọ́n tó wúwo á sì ti fa páálí ya kó tó dé Èkó.

Ọpọ́n fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ òfin ìlú tó ń lọ. Ní Ọsirélíà àti Niu Sílándì, wọn kì í ṣeré rárá. Wọ́n á wá èèpo igi, wọ́n á wá ihò, wọ́n á gbo ọpọ́n náà wò bóyá lẹ́búlẹ́bú tí kòkòrò jẹ yóò dà sílẹ̀. Bó bá dà, kí wọ́n fín in, kí wọ́n dá a padà, tàbí kí wọ́n sun ún ló kù, owó ẹlẹ́rù ni wọn yóò sì fi ṣe é. Wọ́n ti sun ọpọ́n ọ̀kan nínú wa rí. Owó tí wọ́n gbà láti sun ún ju iye tó tà á lọ. Bẹ́ẹ̀, kòkòrò yẹn kò wọlé lójú ọ̀nà. Ẹyin rẹ̀ ti wà nínú igi láti ìgbà tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, oòrùn Ọ̀yẹ́ kò sì lè pa á nínú igi tó nípọn. Oògùn tí wọ́n ń fín pàápàá kì í ríbi wọ igi tí a ti kun ní fáníìṣì, nítorí náà ìtọ́jú gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀dà. A kò rí ibi tí a ti lè ṣe é nítòsí.

Ọmọ ayò tún wá le ju ọpọ́n lọ. Irúgbìn tó lè hù ni, èèpo rẹ̀ sì le débi pé ó máa ń léfòó lórí òkun lọ hù ní etíkun mìíràn. Òfin irúgbìn yàtọ̀ sí òfin igi, nítorí náà àwọn kan ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ oníke dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ọmọ ayò ṣe ń dún nínú ihò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ayò.

Nílé níbí náà, ẹjọ́ wà. Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbà kí ìtì igi tàbí pákó jáde, wọn kò sì gbà kí ohun àtijọ́ jáde. Ọpọ́n wa kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ère bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní ohun àtijọ́ ni, àfi bí a bá gba ìwé lọ́dọ̀ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pé iṣẹ́ tuntun ni. Bí ajẹ́ntì bá tún lọ kọ 4420, nọ́ńbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń mọ ọ̀ṣọ́ onígi, dípò 9504 tí í ṣe ti ohun èlò eré, ọ̀rọ̀ á tún dìjú sí i.

Níkẹyìn, orúkọ igi. Òfin Lacey ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n mú gbòòrò ní 2008, fẹ́ mọ irú igi àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti gé e. Láti ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ewéko àti ẹranko tó lè run, ní Panama ní 2022, apá, ọ̀gànwó àti osùn ilẹ̀ Áfíríkà ti wọ ìwé igi tí wọ́n ń ṣọ́. Bẹ́ẹ̀, “pákó” nìkan ni wọ́n ń kọ sí rìsíìtì wa.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀ nítòsí àwọn tó ń la pákó, kí ẹ sì kọ́ ilé kan síbẹ̀ tí a ó ti máa fi ooru mú igi gbẹ, tí ó ní ohun èlò tí ń wọn ooru. Àwa yóò máa san owó lílò rẹ̀, àwọn káfíńtà náà yóò sì jàǹfààní. Ẹ bá wa kọ̀wé sí àjọ NAQS tó ń ṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn, kí wọ́n wá wo ilé náà, kí wọ́n fún un ní àṣẹ òǹtẹ̀, kí òṣìṣẹ́ wọn àti ti NCMM sì máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù sí gbọ̀ngàn yín. Ẹ sì bá àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba sọ̀rọ̀ kí orúkọ igi máa wà lórí rìsíìtì. Ìyẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá dá ọjọ́ fún wa, àwọn aṣojú wa yóò gbé ọpọ́n méjì wá sí ọ́fíìsì yín, ọ̀kan tí kòkòrò ti lu àti ọ̀kan tó gbẹ dáadáa, kí ẹ fọwọ́ ara yín gbo méjèèjì wò.

Àwa ni, ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́,

Alága
Akọ̀wé
Akápò