Odídẹrẹ́ àti oko ìwájẹ rẹ̀

Ìbarà,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú tó kọjá, inú mi sì dùn láti gbọ́ pé òtútù Kánádà kò tíì borí rẹ. O ní o fẹ́ ra odídẹrẹ́ kan tí yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀ nínú ilé, o sì bi mí bí mo ṣe ń ṣe é tí ara Àkànní, odídẹrẹ́ tèmi, fi yá gágá bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo ń fi òun nìkan sílé lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ pé ara rẹ̀ kò fìgbà gbogbo yá, èmi gan-an ni mo sì fà á.

O rántí pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ni ẹyẹ náà. Nígbà tí màmá wà láyé, Àkànní kì í dá wà: ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ wọn ní Ìtòkú ni àgò rẹ̀ máa ń wà, gbogbo oníbàárà ló sì ń kí i kí wọ́n tó dúnàá dúrà. Nígbà tí ó di tèmi, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mò ń jáde láàárọ̀ láti mú ọ̀nà Ṣàgámù pọ̀n, aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo sì ń wọlé. Mo ra àgò onírin tó tóbi fún un, mo bu ẹ̀pà àti àgbàdo kún àwo rẹ̀, mo tan rédíò sílẹ̀, mo sì rò pé mo ti ṣe ojúṣe mi. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìyẹ́ àyà ara rẹ̀, títí tí awọ fi hàn síta bí ti adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hú ìyẹ́ rẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan tí ó jáde ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Àlàbàtà, nítorí pé àìsàn awọ tàbí oúnjẹ tí kò pé náà lè fa irú rẹ̀, kò sì dára kí ènìyàn máa méfò. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àìsàn kankan. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó bi mí ló dá mi dúró: kí ni ẹyẹ yìí ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe? Mi ò rí ìdáhùn fún un ju pé ó ń dúró dè mí lọ.

Ìwọ náà gbọ́ àdúrà tí àwọn àgbà fi sìn ọ́ dé pápákọ̀ òfurufú, pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. A ti wúre náà títí tí a kò fi ronú mọ́ pé odídẹrẹ́ ní oko ìwájẹ kan tí ó ń lọ. Nínú igbó, agbo ni wọ́n ń rìn. Wọ́n a fò jìnnà láti wá ẹyìn àti èso igi, wọ́n a bó o, wọ́n a fọ́ ọ, wọ́n a sì máa ké sí ara wọn títí wọn yóò fi padà síbi tí wọ́n ń sùn. Èmi gbé oúnjẹ ọjọ́ kan odidi síwájú Àkànní, ó sì jẹ ẹ́ yó láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó wá ku bíi wákàtí mọ́kànlá tí kò ní iṣẹ́ kankan. Ẹyẹ yìí kì í sì í ṣe ẹyẹ tí orí rẹ̀ ṣófo. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Irene Pepperberg, ra odídẹrẹ́ kan ní ọdún 1977, ó sọ ọ́ ní Alex. Kí Alex tó kú ní ọdún 2007, ó ti ń dárúkọ àwọ̀, ó sì ń ka nǹkan dé mẹ́fà. Bí a bá ti irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ mọ́lé láìsí iṣẹ́, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe iṣẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe dá oko ìwájẹ sílẹ̀ fún un nínú àgò. Mo máa ń wé ẹ̀pà sínú háríhá àgbàdo gbígbẹ, mo máa ń di ẹyìn sínú ewé eéran bí ẹni ń di mọ́ínmọ́ín, mo sì ń so wọ́n káàkiri, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ẹ̀ka gúáfà tútù tí ó máa ń bó èèpo rẹ̀. Páálí tí kò ní ìṣó tàbí òjé lára yóò ṣe iṣẹ́ kan náà fún ọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe bíi tèmi, tí mo fi ìtara kó gbogbo oúnjẹ rẹ̀ sínú igbá àgbọn ní ọjọ́ kìíní, tí ẹyẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí ó sì febi pa ara rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ojú rẹ̀ ni kí o ti kọ́kọ́ máa di í, kí ìdajì oúnjẹ sì wà nínú àwo títí yóò fi mọ̀ ọ́n tú.

Àṣìṣe mi kejì ni pé mo ń gbìyànjú láti san gbèsè ọ̀sán lóru. Mo máa ń jẹ́ kí ó bá mi wo tẹlifíṣọ̀n di aago mọ́kànlá, láìmọ̀ pé ó nílò oorun wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá nínú òkùnkùn. Nísinsìnyí, mo máa ń mú un jáde kúrò nínú àgò ní kété tí mo bá wọlé, a ó jọ jókòó, n ó wọ́n omi sí i lára bí ọyẹ́ bá mú, aago mẹ́jọ ni mo sì ń fi aṣọ bò ó. Wákàtí kan àbọ̀ péré ni, ṣùgbọ́n kì í yẹ̀, mo sì ti rí i pé èyí tù ú lára ju wákàtí márùn-ún tí ó ń wá lónìí tí kì í wá lọ́la. Bí mo bá wà ní ilé ìdáná tí ó súfèé, mo máa ń súfèé padà, nítorí pé ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ló fẹ́ mọ̀. Bí ó bá ń pariwo, mi ò kì í sáré lọ bá a, kí n má baà kọ́ ọ ní ariwo.

Rédíò kò burú fún wákàtí bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe alágbàtọ́. Ìyá onílé wa, tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń yà kí i lọ́sàn-án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣe é lóore ju rédíò lọ. (Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pe odídẹrẹ́ ní ayékòótọ́: ohùn tèmi gan-an ló fi sọ fún ìyá onílé pé, "Mo ti wà lọ́nà," èyí tí mo máa ń sọ lórí fóònù nígbà tí mi ò tíì wẹ̀.)

Má ṣe fún un ní píà (èyí tí wọ́n ń pè ní afokádò), ṣokoléètì tàbí kọfí. Wọ́n lè pa á. Èéfín páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ náà ń pa ẹyẹ bí páànù náà bá gbóná jù, nítorí náà jẹ́ kí àgò jìnnà sí ibi ìdáná. Ata rodo kò ní í ta á rárá, bí ó tilẹ̀ ń ta ìwọ.

Ní ti rírà, béèrè ìwé ẹ̀rí pé inú ilé ni wọ́n ti pa ẹyin rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ti fòfin de kíkó odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fún títà, nítorí pé wọ́n ti ń tán lọ. Ó sì lè gbé ogójì ọdún sí ọgọ́ta láyé. Wo ọjọ́ orí rẹ àti tèmi kí o tó sanwó.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni iṣẹ́ òru tí o ń ṣe. Ẹyẹ yóò máa sùn nígbà tí o bá wà níbi iṣẹ́, èyí dára, ṣùgbọ́n aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tí ìwọ fẹ́ sùn ni yóò fẹ́ ké sí ọ jù. Bí ó bá jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni o ń gbé, mi ò ní í gbà ọ́ nímọ̀ràn láti rà á. Kọ bí ilé náà ṣe rí sí mi, àti iye ọjọ́ tí o ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, kí o tó fún ẹnikẹ́ni lówó.

Aago mẹ́jọ ti fẹ́ẹ̀ lù. Àkànní ti ń fi ohùn màmá bi mí pé ṣé mo ti jẹun, mo sì fẹ́ lọ bò ó.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Ìbarà.